Mélòó Ni Wọ́n Nínú Yàrá Náà?

Ajé, 2 oṣù kejì

Ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló kù lórí ìwé mi. Kí ogúnjọ́ oṣù kẹta tó kọjá, mo gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan tó ní ilé oúnjẹ, tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun gbà mí síṣẹ́. Bó bá fọwọ́ sí i, mo ní ọdún méjì nílùú yìí. Bí kò bá sí ẹni tó fọwọ́ sí i, mo di ẹrù mi nìyẹn, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n sọ lójú gbogbo ẹbí pé kí aṣọ tí mo kó lọ tó dọ̀tí, màá ti padà dé.

Aṣọ ti dọ̀tí. Mo ti fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin. Mi ò tíì padà.

Oṣù kan àtààbọ̀ tí mo ti lò níbí, èdè wọn ni mo fi kọ́ nínú ìwé kékeré kan. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá ní kí n kọ́ ọ tán, ilé ni màá ti sọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nítorí pé bí mo bá ń rojọ́ fún Eyínmẹ́nugún lójoojúmọ́, wọn ò ní rí oorun sùn. Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, àwọn ni wọ́n bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá wọlé láàárọ̀, èmi á dìde, àwọn á dùbúlẹ̀ sójú kan náà. Bẹ́ẹ̀dì wa kì í tutù.

Ọjọ́rú, 4

Ilé oúnjẹ mẹ́sàn-án lónìí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, torí iye tí wọ́n ń gbà nínú bọ́ọ̀sì ibí yìí, èèyàn á rò pé bọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń tà fún un.

Èkíní ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Èkejì ní àwọn ò nílò ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ wọ́n lẹ ìwé pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́ mọ́ ojú fèrèsé gbàǹgbà. Ẹ̀kẹta bi mí pé ìwé ẹ̀rí alásè mi dà. Mo ní ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ olórí alásè nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin, irínwó ọmọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, títí wọ́n fi ti ilé ìwé náà pa. Ó ní ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i kó wo àpá iná. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́fà tó kù, mi ò ní torí wọn ba ìwé jẹ́.

Ọ̀la, ìhà ọjà ni màá gbà.

Ẹtì, 6

Méje. Kò sí. Òjò.

Àìkú, 8

Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, pè mí. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. Wọ́n ní iṣẹ́ ńkọ́, mo ní ó ń bọ̀.

"Ó ń bọ̀ láti ibo?"

"Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ó ń bọ̀."

"Mi ò bá ẹ jà. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé."

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dùn ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. Àwọn ìbejì wá gba fóònù. Èyí àgbà fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ibí náà máa ń jẹ́ iṣẹ́ fún ìyá wọn. Èyí àbúrò ní bàbá wọn di irun òun, ó sì dà bí ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa fóònù, mo sunkún. Mo bọ́jú, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí bàtà mi tó ń jomi.

Ìṣẹ́gun, 10

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa! Ilé oúnjẹ ńlá kan lẹ́yìn ọjà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló ni ín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n wá dán iṣẹ́ wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí mo fi bọ́ kóòtù. Wọ́n gbé àpò ọ̀dùnkún kan sílẹ̀ níwájú mi kí n bẹ ẹ́. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bẹ tirẹ̀ bí ẹni tó ń gẹ irun ọba. Mo parí àpò kan, mo gba ìdajì tirẹ̀. Ẹni tó ti bẹ iṣu fún irínwó ọmọ, kí ni ọ̀dùnkún tó jẹ́?

Onírùngbọ̀n kọjá lọ, ó kọjá bọ̀. Mi ò gbójú sókè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ, bóyá yóò yé mi.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kẹta, Onírùngbọ̀n pè mí sí yàrá kékeré tó ń kó ìwé rẹ̀ sí. Ó ní ọwọ́ mi yá, ara mi mọ́, òun fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Ó mú fọ́ọ̀mù mi, ó yọ bírò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè, ó ń kọ ọ́.

Ó ní: "Ìwọ àti ta ni ẹ jọ ń gbé?"

Mo ní: "Èmi àti wọn ni. Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n."

"Yàrá mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Ẹyọ kan náà ni. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, màá dìde fún wọn, wọ́n á sùn."

Bírò dúró. Ó ní: "Gbogbo wọn? Lórí bẹ́ẹ̀dì kan?"

Mo rò pé ó ń bi mí bóyá wọ́n ń rí ààyè na ara. Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni o, gbogbo wọn. Wọ́n tiẹ̀ sanra díẹ̀."

Ó dé bírò. Ó ní àwọn tó ń wá yẹ ilé ìdáná wò kì í fojú rere wo òṣìṣẹ́ tó ń ti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ wá, pé àìsàn kan péré ni yóò ti ilé oúnjẹ òun pa. Ó fún mi lówó ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí n má bínú. Ó ká fọ́ọ̀mù mi sí méjì, ó dá a padà fún mi.

Èrò wo?

Ẹtì, 13

Eyínmẹ́nugún wọlé, wọ́n bá mi tí mo jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní: "Ìyàwó mi, ẹ sọ ọ́ fún mi ní èdè tí ẹ fi sọ ọ́ fún un."

Mo sọ ọ́. Ojú tí oorun kún yẹn là pẹ̀ẹ̀. Wọ́n pa àtẹ́wọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi orí ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n.

"Ìyàwó mi! Ẹ sọ mí di èrò ọkọ̀!"

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní wọ́n ń bọ̀, ẹ ní wọ́n ń sùn, ẹ ní wọ́n sanra. Èdè àwọn èèyàn yìí ò ní 'wọ́n' fún ẹnì kan. Ọkùnrin yẹn á ti rò pé àwa mẹ́jọ tá a sanra la ń tò sórí bẹ́ẹ̀dì yìí bí ẹja."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"'Ó.' 'Ó ń sùn.' 'Ó ti dé.'"

"Ẹ̀yin? Kí n ṣe 'ó' sí yín? Ẹni tó bu omi sí mi lẹ́sẹ̀?"

"Lẹ́nu àwọn ará ibí nìkan ni. Tí ẹ bá dán an wò nílé, màá fẹjọ́ yín sun ẹ̀gbọ́n mi."

Mo dúró níwájú dígí, mo ń kọ́ ẹnu mi. Ó ń sùn. Ó ti dé. Bí mo bá ti sọ ọ́, màá wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ọkọ mi ń bọ̀. Inú wá bí mi. Ṣé nítorí pé mo ní ẹ̀kọ́ ilé ni màá ṣe pàdánù iṣẹ́? Mo jí Eyínmẹ́nugún lójú oorun, ọ̀ràn tí mi ò dá rí.

"Ẹ má bínú. A jọ ń lọ síbẹ̀ lọ́la."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Kó wá kà yín."

Àbámẹ́ta, 14

A lọ. Eyínmẹ́nugún kò tíì sùn, wọ́n ń yán lójú ọ̀nà, wọ́n ń bú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Onírùngbọ̀n jáde sí wa. Mo fọwọ́ fi wọ́n hàn án, mo ní: "Àwọn tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn nìyí."

Ó yọjú wo ẹ̀yìn wa. Ó ní: "Àwọn yòókù dà?"

Eyínmẹ́nugún bá là á yé e. Èdè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju èmi lọ. Ó tẹ́tí, ó bojú wò mí, ó wo Eyínmẹ́nugún, ó gbá tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn ará ilé ìdáná fi jáde wá wo ohun tó ṣe é. Ó ní kí n tún un sọ fún wọn. Mo tún un sọ. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í yan irú ẹ̀rín tí wọ́n máa fi òun rín.

Ṣùgbọ́n ó ti gba ẹlòmíì láti àná. Mo rí ọkùnrin náà lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ épúrọ́ọ̀nù tí mo wọ̀. Mo dúpẹ́, mo yíjú sí ilẹ̀kùn. Onírùngbọ̀n ní kí n dúró. Ó kọ àdírẹ́sì kan fún mi: ìyá àgbà kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì bọ́ọ̀sì, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó dá lápá.

Ó ní: "Sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ. Kó o sì sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo ni ọ́."

Ajé, 16

Tábìlì mẹ́fà, ìkòkò mẹ́ta, fèrèsé kan tó kún fún ooru. Ìyá Awakọ̀ ni gbogbo àwọn oníbàárà ń pè wọ́n. Sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn ni wọ́n fi di apá ọ̀tún wọn láti ìgúnpá dé ìka. Ojú wọn le. Wọ́n ní alásè mẹ́rin ló ti wá láti ọjọ́ tí àwọn ti ṣubú, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀.

Mo ní: "Èmi ò wá kọ́ yín. Ẹ jókòó, ẹ máa sọ, màá máa ṣe é."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ń sọ, mò ń ṣe é. Ata ń pè mí láti orí pẹpẹ, mi ò dá a lóhùn.

Ọjọ́rú, 18

Ìjà ṣíbí. Mo ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a kí n fi mọ iyọ̀, bí mo ṣe ń ṣe é láti kékeré. Ìyá Awakọ̀ pariwo: "Ṣíbí ńkọ́?" Mo mú ṣíbí. Ṣíbí ò sọ òótọ́ fún mi. Iyọ̀ pọ̀ jù, awakọ̀ kan bèèrè bóyá inú òkun la ti pọn omi ọbẹ̀.

Ẹtì, 20

Iyọ̀ tún já mi kulẹ̀. Lẹ́yìn tí oníbàárà ìkẹyìn lọ, Ìyá Awakọ̀ sún mọ́ mi. Wọ́n ní: "Bí o bá ti fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, tí o sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, mi ò rí nǹkan kan o."

Láti òní lọ, àtẹ́lẹwọ́.

Ìṣẹ́gun, 24

Àlùbọ́sà ti gbówó lórí lọ́jà, Ìyá Awakọ̀ bá olùtà jà, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe fún un. Abọ́ ọgọ́rin lónìí. Kò ṣẹ́ kù.

Ajé, 2 oṣù kẹta

Mo mú fọ́ọ̀mù jáde. Ọjọ́ méjìdínlógún ló kù. Mi ò lè sùn lánàá nítorí bí màá ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ìyá Awakọ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní: "Kí ló dé tí o ò ti mú un wá láti ọjọ́ yìí?" Wọ́n na ọwọ́ sí bírò. Ìgbà yẹn ni àwa méjèèjì rántí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni dókítà yóò tú sìmẹ́ńtì náà. Ìwé mi yóò ti kú ní ọ̀sẹ̀ kan.

Wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ ọ́. Ó dà bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5

Akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn dígí ní ọ́fíìsì gbé fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àtijọ́ tí Ìyá Awakọ̀ fọwọ́ sí lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ìfọwọ́sí yìí kọ́. Mo ní apá wọn ti dá. Ó ní ta ni wọ́n? Mo gé ahọ́n mi jẹ, mo ní: "Ó. Apá RẸ̀ ti dá." Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìfọwọ́sí bá tàtijọ́ mu, tàbí kí agbanisíṣẹ́ wá fúnra rẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá sí aago kan.

Aago mẹ́wàá sí aago kan ni gbogbo awakọ̀ ìlú yìí ń jẹun. Ọdún méjìdínlógún, ilẹ̀kùn yẹn ò tíì tì rí lọ́sàn-án. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣubú pàápàá, wọ́n ṣí i, búrẹ́dì ni wọ́n tà. Báwo ni mo ṣe máa ní kí wọ́n tì í nítorí mi?

Mo sọ fún wọn pé kí ìfọwọ́sí ṣáà bá tàtijọ́ mu. Mi ò sọ ìkejì.

Àbámẹ́ta, 7

Mo jáde láti inú ilé ìdáná, mo bá Ìyá Awakọ̀ tí wọ́n gbé pẹ́ńsùlù sọ́wọ́ òsì, wọ́n ń kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń gba iye abọ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ ahọ́n síta bí ọmọ jẹ́léósinmi. Wọ́n ti kọ ọ́ tó ogójì ìgbà. Mo padà sẹ́yìn kí wọ́n má bàa mọ̀ pé mo rí wọn.

Ìṣẹ́gun, 10

Lójoojúmọ́ báyìí. Ó ti ń jọ lẹ́tà. Kò tíì jọ tiwọn.

Ọjọ́bọ̀, 12

Bàbá Ìbejì ní ẹ̀gbọ́n wọn ń bèèrè ọjọ́ tí wọ́n á wá pàdé mi. Mo ní kí wọ́n bá mi kí wọn. Mi ò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́rú, 18

Ọjọ́ méjì. Eyínmẹ́nugún gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi lónìí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. "Ẹ ò sọ fún ìyá yẹn pé wọ́n lè lọ fúnra wọn? Ìyàwó mi, ta lẹ ń tijú fún?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìtìjú ni mo pè ní ìtẹríba. Mo rin gbogbo ìlú yìí nínú òjò, mo gbé odindi àbúrò ọkọ lọ fún ọkùnrin onírùngbọ̀n kó kà wọ́n, mo wá débi gbólóhùn kan, ẹnu mi kú. Ọ̀la, bí oúnjẹ bá ti sọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19

Mo sọ ọ́. Mo ti ro bí yóò ṣe rí: màá wá ní aago mẹ́rin ìdájí, màá se gbogbo rẹ̀ tán kó tó di mẹ́sàn-án, ìkòkò á wà lórí iná kékeré. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù nílé ìdáná yẹn, mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kàn án.

Ìyá Awakọ̀ ní: "Dìde, ilẹ̀ tutù." Wọ́n gba kóòtù wọn, wọ́n lọ.

Ẹtì, 20

Aago mẹ́rin, mo débẹ̀. Iná ti wà nínú ilé ìdáná. Wọ́n ti jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n wọ aṣọ tí mi ò rí lọ́rùn wọn rí, wọ́n fi lọ́fínńdà. Mo sè bí ẹni tí iná ń lé. Ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, wọ́n fún mi ní ìwé kan kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kọ ọ́: OÚNJẸ WÀ NÍNÚ ÌKÒKÒ. Ẹ BÙ Ú FÚNRA YÍN. Ẹ FỌ ABỌ́ YÍN.

Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé kan náà. Ó wo ìwé ìdánimọ̀ wọn, ó wò wọ́n lójú. Ó ní: "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún yín?"

Ìyá Awakọ̀ gbé sìmẹ́ńtì náà lé orí tábìlì, ó dún gbì. "Iṣẹ́ tí èyí ń ṣe tẹ́lẹ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ó tún gbójú sókè. "Wọ́n á tú èyí láìpẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ ṣì máa nílò rẹ̀ nígbà náà?"

Mi ò tíì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Mo di ẹ̀gbẹ́ àga mú. Ìyá Awakọ̀ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó bá fi iyọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì láìdé e.

"Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí," wọ́n ní. "Kí ló máa mú mi fi ọwọ́ méjì ṣiṣẹ́, nígbà tí mo lè ní mẹ́rin?"

Wọ́n fọwọ́ òsì kọ orúkọ wọn níwájú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i. Ọdún méjì.

Mo pe Bàbá Ìbejì lójú ọ̀nà, mi ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní: "Ó ti yé mi, Ìyá Ìbejì, ó ti yé mi." Nígbà tí a padà dé, ìkòkò ti gbẹ, àwọn awakọ̀ ti fọ abọ́, wọ́n tò ó jọ. Ọ̀rá ṣì wà lára gbogbo rẹ̀. Mo da omi gbígbóná sí síǹkì, mo ń tún un fọ̀, ẹkún kò jẹ́ kí n ríran.

Ìyá Awakọ̀ dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí ló ń pa mí lẹ́kún.

Mo ní àlùbọ́sà ni.

Wọ́n wo ilé ìdáná yíká. Kò sí àlùbọ́sà kankan nílẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti àpò tuntun kan sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í gé ti ọ̀la.